Òkú Kan Láàárín Ẹgbẹẹgbẹ̀rún: Ohun Tí Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ẹ̀yìn Ogun Ti Kọ́ Mi

Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí ogun ti parí kí ìtàn inú ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ìwé ogun ni mò ń sọ o, èyí tí wọ́n á máa yìnbọn láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé ìparí. Èyí tí mò ń sọ ni pé wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, àwọn sọ́jà ti ń darí bọ̀ wálé, àwọn èèyàn ti ń tún òrùlé ṣe, gbogbo ayé ń sọ pé ó ti tán, Ọlọ́run ṣeun, ẹ jẹ́ ká máa bá ayé wa lọ, àfi bí wọ́n ṣe déédéé rí òkú ẹnì kan. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka irú ẹ̀, èmi náà sì ti ń kọ ọ́, ohun tí mo rí kọ́ nínú méjèèjì ni mo fẹ́ sọ torí àwọn tó ń bi mí pọ̀, wọ́n á ní kí ló dé tí mò ń fi ìbànújẹ́ ogun ṣe eré ìtàn. Mi ò fi ṣeré rárá.

Ẹ wò ó, nínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó wọ́pọ̀, bí wọ́n bá ti rí òkú báyìí gbogbo nǹkan ló máa dúró. Ọlọ́pàá á dé, wọ́n á fi okùn yí ibẹ̀ ká, wọ́n á ya fọ́tò, ẹ̀rù á máa ba àwọn aládùúgbò, gbogbo wa la sì ti gbà pé nǹkan burúkú ló ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ pé kí ló ń wá kiri. Ṣùgbọ́n níbi tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò, òkú ti di nǹkan tí èèyàn ń gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá àwọn kan pààyàn, wọ́n sì fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ. Àwọn kan pààyàn, ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n léèrè. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wá dé báyìí, ó ń kan ilẹ̀kùn pé ta ló pa ọkùnrin yìí, obìnrin tó ṣílẹ̀kùn fún un sì wò ó lójú, ó ní ọ̀gá, ọmọ mẹ́ta ni wọ́n pa fún mi, ta ló ti wá béèrè tiwọn? Mi ò tíì ka ìwé kan tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti rí ìdáhùn gidi fún obìnrin yẹn, èyí tó bá sì tiẹ̀ jẹ́ kó béèrè lèmi kì í lè gbé sílẹ̀. Kí ló dé tí òkú kan fi ní fáìlì nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ò ní? Gbogbo nǹkan yòókù tó wà nínú irú ìtàn yìí, abẹ́ ìbéèrè yẹn ló ń gbé.

Ohun tó kọ́kọ́ là mí lójú sí i kì í ṣe ìtàn àròsọ, kéèsì tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni, inú ogun gan-an ló sì ti ṣẹlẹ̀. Ní July 1942 ní London, àwọn òṣìṣẹ́ ń palẹ̀ àwókù ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan mọ́ ní Vauxhall, bọ́ǹbù ló wó o. Wọ́n gbé òkúta pẹlẹbẹ kan sókè, wọ́n rí egungun èèyàn lábẹ́ ẹ̀. Kí lẹ rò pé ó máa wá sí wọn lọ́kàn? Pé bọ́ǹbù ló pa á ni, torí irú ẹ̀ ni wọ́n ń rí káàkiri ìlú nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n dókítà tó ń yẹ òkú wò, Keith Simpson, rí i pé wọ́n ti gé orí kúrò lára, wọ́n gé apá àti ẹsẹ̀, wọ́n da ẹfun sí i lára, egungun ọ̀fun ẹ̀ sì ti kán bíi ti ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Bọ́ǹbù kì í fún èèyàn lọ́rùn, kì í sì í da ẹfun sí òkú lára. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó sọnù, wọ́n kan Rachel Dobkin, obìnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò rí mọ́ láti April 1941, dókítà eyín tó ti tọ́jú ẹ̀ rí ṣì ní àkọsílẹ̀ gbogbo iṣẹ́ tó ṣe sí i lẹ́nu, wọ́n fi wé ti òkú, ó bá a mu. Ọkọ ẹ̀, Harry Dobkin, iṣẹ́ ọdẹ tó ń ṣọ́ iná ló ń ṣe nílé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Wọ́n yẹgi fún un ní January 1943.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀, tó sì kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́, ni ìrònú ọkùnrin yẹn. Ó wo gbogbo òkú tó wà nílùú, ó ní ta ló máa ka ọ̀kan kún un. Ogun ló fẹ́ fi bo ìyàwó ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ dókítà kan tó ní sùúrù láti wo òkú tó jọ gbogbo òkú yòókù pẹ́, tó wo ọ̀fun, tó wo eyín. Ní tèmi, látìgbà yẹn, kí n tó kọ gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ìtàn tuntun, mo ti gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ya òkú yìí sọ́tọ̀ láàárín àwọn tí ogun pa, bóyá bàtà tó wọ̀ ni o, bóyá ibi tí ọta ìbọn gbà wọlé ni o, bóyá òkú náà tútù ju bó ṣe yẹ lọ. Nǹkan kékeré ni, àmọ́ ibẹ̀ ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún ẹni tó kú, òǹkàwé náà á sì máa bá a lọ.

Ti Paris tún burú ju ìyẹn. Ní March 1944, nígbà tí àwọn Jámánì ṣì wà nínú ìlú, àwọn aládùúgbò fẹjọ́ sùn pé èéfín burúkú kan ń jáde láti ilé kan ní òpópónà tí wọ́n ń pè ní rue Le Sueur. Àwọn panápaná wọlé, wọ́n bá ẹ̀yà ara èèyàn. Dókítà ló ni ilé náà, Marcel Petiot. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé òkú àwọn Jámánì àtàwọn ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n, pé iṣẹ́ ìlú lòun ń ṣe, wọ́n sì jẹ́ kó lọ. Ẹ tún ìyẹn kà, wọ́n jẹ́ kó lọ! Torí ní àkókò yẹn ọ̀rọ̀ yẹn ṣeé gbà gbọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ló ń fi ẹ̀mí wọn wewu ní ìkọ̀kọ̀, ọlọ́pàá tó bá fẹ́ràn ìlú ẹ̀ ò ní fẹ́ fa irú èèyàn bẹ́ẹ̀ lé ọ̀tá lọ́wọ́. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń sá fún àwọn Jámánì, tí Júù pọ̀ nínú wọn, ló ń tàn wá sílé ẹ̀ pé òun máa mú wọn jáde nílùú, á gba owó lọ́wọ́ wọn, á ní kí wọ́n kó ohun iyebíye wọn dání, á ní wọ́n gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kí wọ́n tó wọ orílẹ̀-èdè mìíràn. Abẹ́rẹ́ yẹn ni wọ́n gbà pé ó fi ń pa wọ́n. Nígbà tí Paris bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá, ó yí orúkọ padà, ó wọ ẹgbẹ́ ológun àwọn tó gba ìlú sílẹ̀, ó di ọ̀gá níbẹ̀, oṣù October ọdún yẹn ni wọ́n tó mú un ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Nílé ẹjọ́ ní 1946, àpótí àwọn tó pa ni wọ́n kó jọ gègèrè síwájú adájọ́. Ó ṣì ń tẹnu mọ́ ọn pé ọ̀tá ìlú lòun pa. Wọ́n dá a lẹ́bi ikú èèyàn 26, wọ́n bẹ́ orí ẹ̀ ní May ọdún náà.

Mo máa ń dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí torí pé ó fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ìtàn ẹ̀yìn ogun tó dáa àti èyí tí wọ́n kàn fi ogun ṣe ọ̀ṣọ́ sí lára. Nínú èyí tí ò dáa, apànìyàn burú, a mọ̀ pé ó burú, ó tán. Nínú èyí tó dáa, apànìyàn ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ yẹn sì jọ òótọ́ tí ẹlòmíì fi ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ rà. Ó lè ní mo pa á torí ó tú àṣírí wa fún ọ̀tá. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ilẹ̀ ẹni tó kú ló wù ú. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ méjèèjì, èyí tó jẹ́ méjèèjì yẹn ló máa ń fún mi ní iṣẹ́ jù láti kọ, mo sì rò pé òun ló sún mọ́ ayé jù. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó bá máa ṣí i ní láti mọ ìtàn ogun yẹn dunjú, ta ló wà níhà ibo, lóṣù wo, ta ló kọ́kọ́ sá, ta ló dúró. Kò lè máa wá ipa ìka ọwọ́ lára gíláàsì nìkan.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà wà níbẹ̀. Lásìkò tó bára dé, bó o bá jí orúkọ ẹlòmíì, ìwé ẹ̀rí ìbí wà, ilé ìwé wà, ìbátan wà, wọ́n á mú ẹ. Lẹ́yìn ogun, ọ́fíìsì tó ń tọ́jú ìwé ti jóná, àwọn tó mọ̀ ẹ́ ti kú tàbí wọ́n ti fọ́n ká, ohun tó o bá pe ara ẹ lo jẹ́. Nínú SS, ẹgbẹ́ ológun ìjọba Hitler ní Jámánì, ọ̀gá kan wà tó ń jẹ́ Hans Ernst Schneider. Ní 1945 ó di Hans Schwerte. Wọ́n ní Schneider ti kú, ìyàwó ẹ̀ di opó, opó náà sì tún fẹ́ ọkùnrin tuntun kan, ọkọ ẹ̀ àárọ̀ yẹn náà ni, wọ́n ṣègbéyàwó lẹ́ẹ̀kejì. Ọkùnrin yìí padà lọ kàwé láti ìbẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ lítíréṣọ̀, ó di olórí yunifásítì ní Aachen láti 1970 sí 1973, àwọn èèyàn ń bọ̀wọ̀ fún un pé onílàákàyè tó nífẹ̀ẹ́ ọmọlúàbí ni. 1995 ni àṣírí tú. Àádọ́ta ọdún! Bí èmi bá kọ ọ́ sínú ìtàn àròsọ, wọ́n á ní irọ́ ti pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó yẹn ni mo máa ń rò ju ọkọ lọ. Ó sunkún ẹni tí ò kú, ó ń pe ọkọ ẹ̀ ní orúkọ tí kì í ṣe tiẹ̀ lójoojúmọ́ nílé ara wọn. Bí mo bá jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nínú ìtàn yẹn, òun ni mi ò bá kọ́kọ́ lọ bá jókòó.

Òdìkejì ẹ̀ ni sọ́jà tí wọ́n rí ní ibùdó réluwé ní Lyon ní February 1918. Ó wà lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun tí Jámánì dá padà, kò mọ orúkọ ara ẹ̀, ohun tí wọ́n rò pé àwọn gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀: Anthelme Mangin. Nígbà tí wọ́n gbé fọ́tò ẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, ọ̀pọ̀ ìdílé ló jáde pé ọmọ wa ni, ọkọ mi ni, ẹ̀gbọ́n mi ni. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ń purọ́. Faransé ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tí ogun gbé lọ tí wọn ò sì rí òkú wọn, ìyá tí ò tíì rí òkú ọmọ ẹ̀ á wo ojú ẹni yòówù títí á fi rí ọmọ ẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣẹjọ́ lórí ọkùnrin yìí, ó kú sílé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní 1942, inú ogun mìíràn. Ìgbà tí mo ka ìyẹn ni mo mọ̀ pé ẹni tó sọnù lè wúwo nínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ju ẹni tó kú lọ, torí ẹni tó kú, a lè sin ín.

Ẹ̀kọ́ tó wọ̀ mí lára jù, inú ìwé kọ́ ni mo ti rí i. Ìyá àgbàlagbà kan ló bá mi ka ohun tí mò ń kọ. Ọmọdé ni wọ́n nígbà tí ogun lé wọn kúrò nílé, wọ́n ti dàgbà ńlá báyìí. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀, mo fi ìbọn sí i, mo fi ẹni tó padà dé láti ojú ogun sí i, mo fi ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó gbọ́n sí i. Wọ́n kà á tán, wọ́n bọ́ dígí ojú wọn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ó dáa o. Ṣùgbọ́n ta ló kó ẹrù wọn?"

Mo ní, "Ẹrù ta ni, mà?"

Wọ́n ní gbogbo àwọn tó sá lọ nínú ìtàn mi yẹn, tí wọ́n padà dé bá ilé tó ṣófo, ta ló kó ẹrù wọn? Wọ́n wá sọ tiwọn fún mi. Nígbà tí ogun parí tí wọ́n padà, aládùúgbò wọn sáré jáde wá dì mọ́ ìyá wọn, ó ń sunkún, ó fún wọn lómi, ó ní kí wọ́n wọlé wá sinmi. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá wọn wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ obìnrin yẹn, wọ́n fi aṣọ bò ó. Ìyá wọn rí i. Obìnrin yẹn náà mọ̀ pé ó rí i. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Wọ́n mu omi wọn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn méjèèjì fi kí ara wọn lárààárọ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Mo ní, "Ẹ ò wá bi wọ́n ni?"

Wọ́n ní, "Bá a bá bi wọ́n, ta la máa wá bá gbé?"

Ọ̀rọ̀ yẹn yí ọwọ́ tí mo fi ń kọ ìtàn padà pátápátá. Torí ohun tí gbogbo wa mọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sí ni pé àṣírí kan wà tẹ́nì kan ṣoṣo mọ̀, àwọn yòókù ò mọ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ á wá a títí á fi rí i. Lẹ́yìn ogun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo èèyàn ló mọ̀. Wọ́n mọ ẹni tó kó ẹrù, wọ́n mọ ẹni tó fọwọ́ júwe ilé, wọ́n mọ ẹni tó fi ẹbí ara ẹ̀ sílẹ̀ kó lè rí ọ̀nà sá. Wọ́n ti gbà láàárín ara wọn láìsọ̀rọ̀ pé àwọn ò ní sọ ọ́, kí wọ́n lè máa rí ẹni bá gbé. Nítorí náà kì í ṣe àìmọ̀ ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń bá jà, ìdákẹ́jẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi ń gbé ara wọn ró ni, bó bá sì ṣí i, kì í ṣe apànìyàn nìkan ló máa ṣubú. Èyí ló fà á tí mi ò fi fẹ́ràn ìwé tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti ń fi agídí já ilẹ̀kùn kiri bíi pé kò sí nǹkan tó lè bà jẹ́. Èmi ṣì wà lẹ́yìn òtítọ́ o, mo fẹ́ kó jáde, ẹni tó ṣu lè gbàgbé àmọ́ ẹni tó kó o kì í gbàgbé, ìyá yẹn ṣì rántí àwọ̀ aṣọ tí wọ́n fi bo ẹ̀rọ. Ohun tí mo kàn fẹ́ ni kí ìwé jẹ́ ká mọ iye tó máa ná àwọn tó bá sọ ọ́. Mo mú apànìyàn inú ìtàn mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ amí tí mo ti fún un, mo fi ẹ̀rọ ìránṣọ sí àárín, ìtàn náà sì dìde dúró.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ lórí sọ́jà tó padà dé torí ó ń bí mi nínú. Àìmọye ìwé àti fíìmù ló jẹ́ pé bó bá ti la ogun kọjá, tí kò rí oorun sùn, tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, òun náà ló pa wọ́n. Ìwà ìkà ni. Àwọn tó kọ́kọ́ ní irú àìsàn yẹn nínú ogun 1914 sí 1918, ẹlòmíì nínú wọn ni wọ́n pè ní ojo. Dókítà Charles Myers ti kọ̀wé nípa ẹ̀ ní 1915, ó pè é ní shell shock, ṣùgbọ́n síbẹ̀ ilé iṣẹ́ ológun Bìrìtìkó yìnbọn pa 306 nínú àwọn sọ́jà tiẹ̀ fúnra ẹ̀ nígbà ogun yẹn nítorí pé wọ́n sá tàbí pé wọ́n bẹ̀rù tàbí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Ọdún 2006 ni ìjọba tó fún wọn ní ìdáríjì. Ẹ ronú nípa àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn tó fi gbogbo ọdún yẹn gbé ìtìjú náà kiri. Ìdílé kan tí wọ́n sọ fún pé bàbá wọn kú sójú ogun, tí wọ́n wá mọ̀ lọ́jọ́ kan pé àwọn ará ẹ̀ ló yìnbọn fún un láàárọ̀ kùtù, ta ló wà níbẹ̀ tó ń fún wọn láṣẹ, ibo ló ń gbé báyìí? Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gidi nìyẹn. Sọ́jà tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ní ibi tí mo bá ti lọ́wọ́ sí i, ẹlẹ́rìí ló máa ń jẹ́. Òun ló máa ń gbọ́ ìró tí àwọn yòókù ò gbọ́, òun ló sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ìbọn tí wọ́n yìn láti òkèèrè àti èyí tí wọ́n yìn láàárín yàrá, àdúgbò ò kàn fẹ́ gbà á gbọ́ ni.

Ìbọn fúnra ẹ̀ sì wà níbẹ̀, kí n má gbàgbé. Sọ́jà máa ń mú un bọ̀ wálé, ó wà lábẹ́ ibùsùn, ó wà nínú àjà. Bìrìtìkó ṣe òfin ìbọn ní 1920, ara ohun tó fà á ni pé ẹ̀rù ìbọn tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ti ogun bọ̀ ń ba ìjọba. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó bá rí ọta ìbọn ológun lára òkú ní ìlú bẹ́ẹ̀ kò tíì rí nǹkan kan rárá, nítorí ìdajì àwọn ọkùnrin àdúgbò ló lè ní in.

Àwọn kan máa ń rò pé àwọn ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àtijọ́ yẹn, ti ilé ńlá àti ọgbà òdòdó, kò ní ogun nínú. Ó wà níbẹ̀. Agatha Christie, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó kọ púpọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń po oògùn, ibẹ̀ ló ti mọ májèlé tó ń kọ káàkiri ìwé ẹ̀. Hercule Poirot, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé ẹ̀ tó gbé jáde ní 1920, ogunléndé ni, ọ̀kan nínú àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù tó sá wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí Jámánì wọ ìlú wọn, àwọn bí 250,000 sì ni. Ọlọ́pàá tó ti gbajúmọ̀ nílé, tó wá di ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ àánú àlejò. Nígbà tí mo fi ojú ogunléndé tún un kà, mo rí i pé ìmọ́tótó ẹ̀ tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín yẹn, bó ṣe ń to nǹkan, bó ṣe ń fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ gún régé, jọ ti ẹni tí nǹkan ẹ̀ ti fọ́n ká lójú ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ojú tèmi nìyẹn o, ẹlòmíì lè rí i lọ́nà mìíràn. Mo sì rò pé àwọn tó ń kà á nígbà yẹn, tí wọ́n ti pàdánù ọmọ láìmọ ìdí, ó tù wọ́n nínú láti ka ikú kan tó ní ìdí, tó ní ẹni tó dáhùn fún un.

Ibi tí orí máa ń gbóná jù ni òpin ìtàn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. O ti rí apànìyàn, o ti rí ẹ̀rí, òfin wá ní wọ́n ti forí jì í. Kì í ṣe àròsọ. Nínú àdéhùn àlàáfíà tí wọ́n fọwọ́ sí ní Lomé ní July 1999 lórí ogun Sierra Leone, wọ́n forí ji Foday Sankoh, olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀, àti gbogbo àwọn tó jagun pátá. Aṣojú àjọ UN fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ pé àwọn ò gbà pé ìdáríjì yẹn kan ìpakúpa àti ìwà ọ̀daràn sí ọmọ aráyé. Ogun tún bẹ́ sílẹ̀, wọ́n wá dá kóòtù àkànṣe sílẹ̀ ní Freetown ní 2002, Sankoh kú sí àhámọ́ ní 2003 kí wọ́n tó dá ẹjọ́ ẹ̀. Spain náà ṣe òfin àforíjì tiẹ̀ ní 1977. Mi ò sọ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ ò wúlò, ó ti mú kí ìbọn dákẹ́ níbi tó pọ̀, ẹni tí ìbọn ń dún sí létí kọ́ ló máa bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sípò ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó di fáìlì mú lọ́wọ́.

Àwọn tó ń ka ìtàn mi fẹ́ kí n de apànìyàn lọ́wọ́ ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Ó yé mi. Àwọn kan nínú àwọn tó ń kọ irú ìtàn yìí máa ń jẹ́ kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ pa á fúnra ẹ̀, èyí ni mi ò lè fara mọ́ láé, torí ó ti gbà pẹ̀lú apànìyàn nìyẹn pé ogun ò tíì parí. Nínú èyí tí mò ń kọ lọ́wọ́, wọ́n ti forí ji ọkùnrin náà, ó ń gbé ilé ẹ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mi ò sì lè ṣe nǹkan kan sí i. Mo wá fún un ní iṣẹ́ kan ṣoṣo, kó lọ gba ìwé ẹ̀rí ikú fún ẹni tó kú, kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ ní kíkún, kí wọ́n sì kọ ohun tó pa á gan-an sí i, kì í ṣe "ogun". Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí òun bá kọ ọ́ fún ẹyọ kan, gbogbo ìlú ló máa dé. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ jókòó síwájú ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, akọ̀wé yẹn kọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó ṣí ọ́fíìsì, àwọn èèyàn ti tò síta dé títì, oníkálukú pẹ̀lú orúkọ òkú tiẹ̀ lẹ́nu, akọ̀wé ń pariwo pé bébà ò tó, wọ́n ní àwọn máa dúró.

Ibẹ̀ ni mo dé. Ohun tó kù tí mo nílò ni kí n mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é gan-an lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ta ló ń fọwọ́ sí i bí kò bá sí dókítà tó rí òkú, ṣé ẹlẹ́rìí méjì tó, kí ni wọ́n ń kọ sí àyè tó wà fún ọjọ́ ikú bí ẹnikẹ́ni ò bá mọ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń forúkọ òkú sílẹ̀ rí, pàápàá lẹ́yìn ogun, kó jọ̀ọ́ bá mi sọ̀rọ̀.